Ìpàdé àwọn ìdílé àti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lórí àìsàn ọpọlọ àbínibí tó ṣọ̀wọ́n: ẹ gbà mí nímọ̀ràn (Abuja)

Ìyá Ìbejì (Kubwa) kọ pé:

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Àwọn ìbejì mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ báyìí. Táíwò jẹ́ ọkùnrin, Kẹ́hìndé jẹ́ obìnrin. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọwọ́, Kẹ́hìndé ló kọ́kọ́ pè mí ní màmá, òun náà ló sì kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú búrẹ́dì jẹ. Wọ́n pé oṣù mẹ́rìndínlógún tán ni nǹkan yí padà: ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ ọ́n sọ ń dín kù lọ́kọ̀ọ̀kan, búrẹ́dì tí mo bá fi sí i lọ́wọ́ ń jábọ́, kò sì pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà rẹ̀ bí ẹni tí ń fọ ìborùn. Táíwò á máa sáré kiri yàrá, èkejì rẹ̀ á jókòó sórí ẹní, á máa fọ aṣọ tí kò sí níbẹ̀.

Ọdún márùn-ún gbáko ni a fi káàkiri. Ilé-ìwòsàn àkọ́kọ́ sọ pé torí pé oṣù wọn kò pé kí n tó bí wọn ni. Àwọn ará ilé ọkọ mi náà sì ní ohun tí wọ́n sọ, tí n kò ní tún sọ níbí. Oníṣègùn ọpọlọ ọmọdé kan ló wo ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó ní kí a fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sókè òkun. Èsì padà wá pé jíìnì kan (ìyẹn ìlànà àbínibí tó ń darí bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́) tí wọ́n ń pè ní MECP2 ló yí padà lára rẹ̀, àìsàn Rett sì ni orúkọ ohun tó ń ṣe é.

Oníṣègùn yìí àti àwọn aṣèwádìí kan láti yunifásítì fẹ́ pàdé àwọn ìdílé tí ọmọ wọn ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ní Abuja níbí, yálà wọ́n mọ orúkọ àìsàn náà tàbí wọn kò mọ̀ ọ́n, èmi ni wọ́n sì bẹ̀ pé kí n bá wọn kó àwọn ìdílé jọ. Mo ti gbà, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. N kò fẹ́ ìpàdé tí a ó ti gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ, tí a ó pín ráìsì inú ike, tí a ó ya fọ́tò lábẹ́ bánà, tí a kò sì ní gbúròó ẹnikẹ́ni mọ́. Ta ni kí n pè, kí ni kí àwọn ìdílé mú wá, kí sì ni kí a bèèrè lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ yìí kí a tó jókòó?

Oníṣègùn Ọmọdé (Gwagwalada) kọ pé:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kí n tó dé orí ẹni tí ẹ máa pè, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ayé ṣe dá àìsàn Kẹ́hìndé mọ̀, nítorí ó bá ohun tí ẹ fẹ́ ṣe mu gan-an. Ní ọdún 1954, oníṣègùn kan ní ìlú Vienna lórílẹ̀-èdè Ọ́sítríà, Andreas Rett, rí ọmọbìnrin méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ẹsẹ̀ ìyá tirẹ̀, ní yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró dè é, tí àwọn méjèèjì ń ra ọwọ́ pọ̀ lọ́nà kan náà. Bí àwọn ìyá méjì yẹn bá wá lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ó ṣeé ṣe kí ó má fura. Ó kọ ìwé lé e lórí ní 1966 lédè Jámánì, àwọn oníṣègùn tó kù lágbàáyé kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n títí di 1983, nígbà tí Bengt Hagberg ará Súwídìn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀rọ̀ ọmọ 35 jọ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1999 ni yàrá ìwádìí Huda Zoghbi ní Houston, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, rí jíìnì MECP2. Àwọn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi rí i, lára ọmọ àwọn ìdílé tó yọ̀ǹda ni wọ́n ti gbà á. Láti ìgbà náà, Adrian Bird àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Edinburgh ti fi hàn ní 2007 pé eku tí wọ́n dá jíìnì yìí padà fún lè bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àmì àìsàn náà, àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí òògùn trofinetide ní 2023, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òògùn náà kì í mú àìsàn yìí kúrò, tí owó rẹ̀ sì ga ju ohun tí púpọ̀ nínú wa lè rò lọ.

Ní ti ẹni tí ẹ máa pè, ohun tó ń dí wa lọ́wọ́ ní apá ibí ni pé bí ìyá bá ti lè sọ pé ọmọ kò tètè ké nígbà tí òun bí i, tàbí pé ibà pọ́njú mú un lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, a ó kọ ọ́ sínú fáìlì pé ìyẹn ló ba ọpọlọ jẹ́, ọ̀rọ̀ sì parí. Lóòótọ́ ni pé nǹkan méjèèjì yìí ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ púpọ̀ lórílẹ̀-èdè wa. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ké dáadáa, tó jókòó, tó rá, tó wá ń pàdánù ohun tó ti mọ̀; ọmọ tí wárápá mú láìsí ibà kí ó tó pé ọdún kan; ọmọ méjì tí nǹkan kan náà ń ṣe nínú ilé kan; ọmọ tó ní àmì tó rí bí ewé, tó funfun ju awọ rẹ̀ tó kù lọ, tí gìrì sì ń mú un: irú àwọn yìí ni kí ẹ wá. Ẹ lọ sí ẹ̀ka físíò, ibi tí wọ́n ti ń na apá àti ẹsẹ̀ ọmọ láti tọ́jú wọn, ẹ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà, kí ẹ bá àwọn olùkọ́ sọ̀rọ̀, nítorí wọ́n mọ̀ ju àwa oníṣègùn lọ nígbà mìíràn. Ẹ má sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tí kò tíì rí owó ṣe àyẹ̀wò jíìnì, nítorí àwọn gan-an ló pọ̀ jù.

Bàbá Àkànbí (Kaduna) kọ pé:

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìwé àjákọ kún un. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún mọ́kànlá, àìsàn Dravet, irú wárápá líle kan, ló ń ṣe é, jíìnì SCN1A ló sì yí padà lára rẹ̀. Oṣù mẹ́fà ló pé tí gìrì àkọ́kọ́ mú un, ní alẹ́ ọjọ́ tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, nítorí náà ìyá mi búra pé abẹ́rẹ́ ló ṣe é, kò sì sí ọmọ kankan nínú ẹbí wa tó gba abẹ́rẹ́ fún ọdún méjì lẹ́yìn ìgbà náà. Èsì àyẹ̀wò ló tú wa sílẹ̀. Ibà tó tẹ̀lé abẹ́rẹ́ kàn tú ohun tó ti wà lára ọmọ láti inú oyún síta ni; ibà mìíràn ì bá ti tú u síta bákan náà. Àwọn aṣèwádìí ní Ọsirélíà gbé e jáde ní 2006 pé nínú ènìyàn 14 tí wọ́n gbà pé abẹ́rẹ́ ló ba ọpọlọ wọn jẹ́, 11 ló ní àyípadà nínú jíìnì kan náà yìí. Bí ẹ bá ń kó ìdílé jọ ní ilẹ̀ Haúsá níbí, níbi tí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan ṣàlàyé èyí ní gbangba.

Ní ti ìwé: láti ìgbà tó ti pé ọdún méjì ni mo ti ń kọ ọjọ́, aago, bí gìrì ṣe pẹ́ tó, òògùn tó lò lọ́jọ́ náà, àti bóyá oòrùn mú tàbí kò mú. Ní oṣù kan tí oníṣègùn kan yí òògùn rẹ̀ sí carbamazepine, ìlà inú ìwé mi kúrò ní mẹ́rin lóṣù, ó di mọ́kàndínlógún. Mo gbé ìwé náà lọ bá oníṣègùn mìíràn, ó wò ó, ó dákẹ́, ó ní òògùn yẹn máa ń dá kún gìrì àwọn ọmọ tó ní àìsàn Dravet. Ẹ jọ̀ọ́, èyí kì í ṣe pé kí ẹnikẹ́ni dá òògùn ọmọ rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀. Òògùn wárápá tí a bá ṣàdédé dá dúró lè pa ọmọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìwé olówó pọ́ọ́kú ló la ojú oníṣègùn. Fídíò náà ṣe pàtàkì. Aago mẹ́rin òru ni mo fi fóònù ya èyí tó wúlò jù, iná kò sí, ìyàwó mi ló di tọ́ọ̀ṣì mú. Ojú ọmọ hàn, ọwọ́ rẹ̀ hàn, ẹ sì ń gbọ́ ohùn mi tí mo ń ka ìṣẹ́jú. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan kó gbogbo rẹ̀ sí ojú ewé kan ṣoṣo kí wọ́n tó dé, nítorí aṣèwádìí tí ẹ bá fi fáìlì ogójì ojú ewé lé lọ́wọ́ kò ní kà á.

Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù: ooru. Ooru nìkan lè fa gìrì fún irú ọmọ mi. Bí ẹ bá fi ìpàdé sí oṣù Kẹta tàbí Kẹrin nínú gbọ̀ngàn tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ dúró lé iná ìjọba nìkan, èmi kò ní mú un wá. Ẹ tún sọ fún àwọn ayàwòrán pé kí wọ́n pa iná kámẹ́rà wọn.

Alhaja (Ìlọrin) kọ pé:

Ọdún méjìlélógún ni mo fi ta aṣọ ní Sabon Gari, Kano, kí n tó padà wálé, nítorí náà ẹ gbà mí láyè kí n sọ ohun tí ẹ̀yin ọmọdé lè má rántí. Ní 1996 tí àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọ ní Kano, ilé-iṣẹ́ Pfizer dán òògùn kan tí wọ́n ń pè ní Trovan wò lára wọn. Igba ọmọ ló wà nínú ìdánwò náà; ìdajì gba òògùn tuntun, ìdajì gba èyí tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Mọ́kànlá kú, àwọn mìíràn sì yè tàbùkù-tàbùkù. Ilé-iṣẹ́ náà ní àrùn ló pa wọ́n, pé àwọn òbí sì fi ẹnu gbà. Àwọn òbí ní àwọn kò mọ̀ pé ìdánwò ni. Ẹjọ́ náà pẹ́ títí wọ́n fi bá ìjọba ìpínlẹ̀ Kano parí rẹ̀ ní 2009 pẹ̀lú mílíọ̀nù 75 owó dọ́là. Ẹ má wí pé ìyẹn ti pẹ́. Ìyá tó wà ní Kano tàbí Katsina tí ẹ fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ ti gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu ìyá rẹ̀.

Ohun tí mo ní kí Ìyá Ìbejì ṣe ni pé kí ó má jẹ́ kí a gba ẹ̀jẹ̀ kankan lọ́jọ́ ìpàdé. Kí wọ́n pín fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda, kí ìdílé gbé e lọ sílé, kí wọ́n kà á fún bàbá, fún ìyá àgbà, fún àbúrò tó kàwé, kí wọ́n wá dáhùn lọ́sẹ̀ kejì. Àti pé kí a pe àwọn ìyá ọkọ wá. Mo jẹ́ ìyá ọkọ, mo mọ ohun tí à ń sọ nígbà tí ọmọ kò bá rìn: a ó ní ẹgbẹ́ ọ̀run ló ń bá a ṣeré, a ó ní ìyá rẹ̀ gba ohun kan lọ́wọ́ ẹnìkan. Ọmọ-ọmọ mi kan máa ń rẹ́rìn-ín láìsí ohun tó pani lẹ́rìn-ín, kò sì sọ̀rọ̀ rí. Ọdún méje ni mo fi wo ìyàwó ọmọ mi bíi ẹlẹ́bi kí wọ́n tó sọ fún mi pé àìsàn jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní Angelman ni.

Aṣèwádìí (Zaria) kọ pé:

Alhaja, mo wà lára àwọn tí ẹ ń bá wí, mo sì gba ọ̀rọ̀ náà. Kí Ìyá Ìbejì bèèrè nǹkan mélòó kan lọ́wọ́ àwọn aṣèwádìí yìí kí ó tó pe ìdílé kankan. Àkọ́kọ́ ni lẹ́tà ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlànà ìwádìí ní yunifásítì tàbí ilé-ìwòsàn wọn, èyí tí ó gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ àpapọ̀ tí a ń pè ní NHREC; òfin ìwà ìwádìí ìlera wa ti wà láti 2007. Bí ẹ̀jẹ̀ bá máa kọjá ẹnubodè, àdéhùn kíkọ gbọ́dọ̀ wà nípa ẹni tó ń gbà á, ohun tó fẹ́ fi ṣe, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí èyí tó bá ṣẹ́kù. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tí àwa aṣèwádìí kì í fẹ́ràn: ta ni yóò fún ìdílé ní èsì, nígbà wo, ní èdè wo, owó ta sì ni yóò san fún ìbẹ̀wò tó bá tẹ̀lé e?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èsì díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń ṣubú. Jíìnì dà bí ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀, ẹ sì mọ bí àmì kan ṣoṣo ṣe ń sọ ọkọ di ọkọ̀ tàbí ọkọ́. Àyípadà kan ṣoṣo nínú lẹ́tà DNA, ìyẹn ohun tí a fi kọ jíìnì, lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àyípadà ló jẹ́ àṣìṣe. Ẹni tó jẹ́ pé Yorùbá Ọ̀yọ́ nìkan ló ti gbọ́ rí, bí ọmọ Èkìtì bá pe ilé ní ulé, yóò rò pé ó ṣì í pè ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àkójọ jíìnì tí ayé ń lò: ti àwọn tó wá láti Áfíríkà kò tó ìdá 3 nínú 100 lára ohun tí a ti fi ṣe ìwádìí, nítorí náà àyípadà tó wọ́pọ̀ lágbo ilé wa lè dé iwájú ẹ̀rọ kí ó dà bí ohun àjèjì, èsì á sì padà wá pé wọn kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Èyí kì í ṣe pé wọ́n rí àìsàn, kì í sì í ṣe pé wọn kò rí i. Ìwádìí NeuroDev ní Kẹ́ńyà àti Gúúsù Áfíríkà, àti DDD-Africa ní Gúúsù Áfíríkà àti Kóńgò, ń gbìyànjú láti dí àlàfo yìí. Àwa náà ní agbára ẹ̀rọ nílé: ibùdó ìwádìí jíìnì ACEGID ní Ede, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni wọ́n ti ka jíìnì kòkòrò kòrónà àkọ́kọ́ ní Áfíríkà ní oṣù Kẹta 2020.

Ohun tó ń ràn wá lọ́wọ́ jù láti mọ ìtumọ̀ àyípadà ni kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyá àti bàbá wò pẹ̀lú ti ọmọ. Gbogbo wa mọ ti AS àti AS tó ń bí SS. Àwọn àìsàn kan ń rìn báyẹn, wọ́n sì máa ń pọ̀ sí i níbi tí ọmọ ẹ̀gbọ́n ti ń fẹ́ ọmọ àbúrò. Ṣùgbọ́n nínú púpọ̀ irú àìsàn tí à ń sọ yìí, Rett àti Dravet pẹ̀lú, àyípadà tuntun ni, tí kò sí lára bàbá, tí kò sí lára ìyá, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ó tún padà wáyé lára àbúrò. Ìyàtọ̀ yìí ti dá ìgbéyàwó sí lójú mi. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o: àyẹ̀wò ẹni mẹ́ta yìí lè fi hàn pé ẹni tí à ń pè ní bàbá kọ́ ni bàbá. Kí ẹ bèèrè ṣáájú bóyá wọ́n máa sọ ọ́ tàbí wọn kò ní sọ ọ́, kí ó sì wà nínú fọ́ọ̀mù.

Ìyá Fọlá (Mararaba) kọ pé:

Gbogbo ohun tí ẹ sọ dára, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì sọ bí a ó ṣe dé ibẹ̀. Ọmọ mi pé ọdún mẹ́wàá, mo ṣì ń pọ̀n ọ́n. Ọlọ́kọ̀ tó bá rí itọ́ lẹ́nu rẹ̀ á ní kí n san owó ènìyàn méjì tàbí kí n sọ̀kalẹ̀, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Nyanya sì ń dúró dè wá níwájú. Ẹ fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí ìyá kí ó tó kúrò nílé, kì í ṣe lẹ́yìn ìpàdé. Ẹ wá ibi tí kò ní àtẹ̀gùn, kí ẹ sì tẹ́ ẹní sí yàrá kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì, nítorí ọmọ ọdún mẹ́wàá kò ṣeé pààrọ̀ ìtẹ̀dí fún lójú gbogbo ènìyàn.

Ọmọ Ọ̀fà (Wuse) kọ pé:

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe, àbúrò mi ló sì ní irú àìsàn yìí. Bí ìdílé bá ti ní orúkọ jíìnì lọ́wọ́, kí wọ́n má dúró de ìpàdé kankan. Ètò ìwádìí Simons Searchlight ní Amẹ́ríkà ń gba ìtàn àwọn ìdílé tí àyẹ̀wò wọn ti fi jíìnì kan pàtó hàn; ẹgbẹ́ Unique ní ìlú Ọba, tí ó ti wà láti 1984, ń tẹ ìwé pẹlẹbẹ tí òbí lè kà lọ́fẹ̀ẹ́; oníṣègùn yín sì lè fi orúkọ jíìnì sí ìkànnì GeneMatcher, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2013, kí ó lè bá ẹlòmíràn tí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ pàdé. Ní 2012, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan ní Utah, Matt Might, tí ọmọ rẹ̀ ni a kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ní àìsàn jíìnì NGLY1, kọ gbogbo ìtàn àìsàn náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ tí òbí mìíràn lè fi wá a. Àwọn ìdílé mìíràn rí i lóòótọ́.

Síbẹ̀ n kò gbà kí ẹnikẹ́ni máa fi fídíò gìrì ọmọ sórí Facebook. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun tí a gbọ́dọ̀ dáàbò bò ní pàtàkì, ṣùgbọ́n òfin kò lè bá yín pa fídíò tó ti dé orí WhatsApp ẹgbẹ́ ọlọ́jà rẹ́.

Ìyá Ìbejì (Kubwa) kọ pé:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gidi. Mo pe àwọn aṣèwádìí náà lánàá, mo ka ohun tí mo kọ sílẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀ yín sí wọn létí. Wọ́n gbà pé kò ní sí ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, pé fọ́ọ̀mù yóò lọ sílé, pé owó ọkọ̀ yóò ṣáájú. Lórí èsì, wọ́n ní ó lè ju oṣù mẹ́fà lọ. Mo ní kí wọ́n kọ ìyẹn náà sílẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tí a ó máa pè bí oṣù mẹ́fà bá kọjá. Ọ̀kan nínú wọn ní kí a fi ìpàdé sí ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù Kejì, nítorí ọjọ́ yẹn ni gbogbo ayé fi ń sọ̀rọ̀ àìsàn tó ṣọ̀wọ́n láti 2008. Mo kọ̀. Ọjọ́ yẹn ni àwọn oníròyìn máa ń wá fọ́tò. A ó ṣe é ní Sátidé kan nínú oṣù Kìíní, nígbà tí ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, torí ọmọ Bàbá Àkànbí.

Ìdílé mẹ́rìnlélógún ló ti dáhùn, mẹ́tàdínlógún nínú wọn kò ní orúkọ kankan fún ohun tó ń ṣe ọmọ wọn. Ìyá méjì láti ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ní Lugbe fi fídíò ránṣẹ́ sí mi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn kò mọ ara wọn. Mo gbé fóònù méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì, mo rí ọwọ́ tí ń fọ aṣọ tí kò sí. N kò tíì sọ fún wọn, oníṣègùn ni kí ó sọ ọ́. Ohun kan ló kù: mo nílò obìnrin tó gbọ́ Haúsá dáadáa, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-ìwòsàn, tí yóò jókòó ti àwọn ìyá mẹ́rin tí ń bọ̀ láti Suleja.

Alhaja (Ìlọrin) kọ pé:

Bí ẹ bá lè gbà mí sílé lálẹ́ Jímọ̀, èmi ni ẹ ń wá. Ẹ fi fọ́ọ̀mù yẹn ránṣẹ́ sí mi ṣáájú, kí n kà á tán kí n tó túmọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.